Agùfọn Kò Fi Aya Rẹ̀ Sílẹ̀

Ẹ̀yin jamáà, ẹ̀tọ́ aya lọ́rùn ọkọ lọ́jọ́ àìsàn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má wolẹ̀ o. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín; tiyín ń bọ̀.

Búráímọ̀ ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ etí odò. Kì í pa ìrun kan jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ òsì Ràlíátù, ìyàwó rẹ̀, rọ, ó gbé e lọ sílé bàbá tó bí obìnrin náà. Ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta." Oṣù mẹ́rin kọjá, kò yọjú. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìyàwó rẹ̀ ní mọ́sálásí, á ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ sílé." Irọ́! Nínú ilé Ọlọ́hun!

Agùfọn méjì, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí irun orí rẹ̀ dà bí adé wúrà yẹn, takọtabo, ń ba ìrẹsì rẹ̀ jẹ. Ó dẹ tàkúté. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá abo níbẹ̀, ẹsẹ̀ ti kán. Akọ dúró tì í. Búráímọ̀ sọ̀kò, akọ na ìyẹ́, ó ń ké, kò fò. Ó tún sọ̀kò, ó bà á lápá, kò fò. Akọ ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí àṣà wọn, kí tata lè ta jáde nínú koríko. Èyí tó bá ta síwájú abo, abo á ṣà á jẹ. Ẹ gbà mí o, alùfáà wo ló ṣe wáàsí fún ẹyẹ?

Òkò bọ́ lọ́wọ́ Búráímọ̀. Ojú tì í, níwájú ẹyẹ! Ó tú tàkúté, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹsẹ̀ tó kán náà, ó sì gba ilé àna rẹ̀ lọ tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ràlíátù rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Sáláwù, ta ló kú?"

Ẹ gbọ́ o! Ó rò pé òkú nìkan ló lè gbé ọkọ òun wá.

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìwọ ni mo wá mú lọ sílé."

 Ràlíátù fèjìká ti ògiri, ó wọ́ ẹsẹ̀ dé ìdí àmù, ó bu omi wá fún un. Ìdajì ti dànù lọ́nà. Ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò lè kúnlẹ̀ fún yín mọ́."

Búráímọ̀ ló kúnlẹ̀. 

Ṣé ó bá a lọ? Ó bá a lọ, àmọ́ ó di ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí Búráímọ̀ dìde láàárín jamáà, tó jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀.

Ta ló ní aláìsàn tí kò bẹ̀ wò? Má nawọ́. Ìwọ ṣáà dìde lọ. Yáà Ọlọ́hun, fi wá mọ̀nà ilé ẹni tí a já jù sílẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹyẹ oko jẹ́rìí takò wá lọ́jọ́ Àlùkìyámà. Ẹ ṣe é ní àmín.