Ìṣó Tó Máa Yọ Fúnra Ẹ̀

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀, mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12 àti obìnrin kan tó wọ aṣọ ọ́fíìsì, níbi tá a ti ń dúró de dókítà nílé ìwòsàn kan ní Ìkòsì.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́," ìyá náà sọ fún obìnrin náà, "wọ́n fi ìṣó kékeré kan di eegun ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ mi obìnrin mú. Dókítà ní àwọn ò ní la ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́, pé ìṣó náà á yọ fúnra ẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń gbọn bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mi ò tíì rí i."

"Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń wá a, Mummy?"

"Ibo ni ǹ bá tún wá a? Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ gba ibòmíì yọ."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé dókítà yẹn gbọ́ Yorùbá dáadáa?"

"Kì í ṣe Yorùbá, ó kàn ń gbìyànjú ni."

"Á yọ́ ló fẹ́ sọ, Mummy. Bí ṣúgà ṣe ń yọ́ nínú tíì. Inú ara ló máa yọ́ sí, kò sóhun tẹ́ ẹ máa rí."

Mo rò pé ọkàn ìyá náà ti balẹ̀ ni.

"Tó bá wá yọ́, kí ló máa di eegun mú?"

"Eegun á ti so pọ̀ kó tó yọ́ tán."

"Ta ló máa sọ fún ìṣó pé eegun ti so?"

Èmi tí wọ́n fi òwú tó ń yọ́ rán nínú nígbà iṣẹ́ abẹ, mo rọra fọwọ́ bo ikùn mi.