Ẹnu Ni Wọ́n Fi Pín Wa ní Ilé Iṣẹ́ Ẹja

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo lè dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí orúnkún má sì dùn mí… Vridi, ní Abidjan níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jókòó dáadáa. Mínátù, gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣé ó ti ń gbà á sílẹ̀? Ó dáa.

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Treichville. Iṣẹ́ ẹja ni. Ẹja inú agolo. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni, kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọlé. Wọ́n ti wó o báyìí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo wọ ibẹ̀. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ tánganran, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ìyá mi ní, "Sìkírátù, ọwọ́ rẹ yá. Lọ wá iṣẹ́ ọwọ́ ṣe." Ilé kéwú nìkan ni mo lọ, mi ò lọ sí ilé ìwé Faransé. Bàbá mi máa ń sọ pé obìnrin tó bá gbọ́ Faransé jù, kò ní gbọ́ ti ọkọ mọ́… kí Ọlọ́run forí jì í. Ohun tó mọ̀ ló sọ.

Ilé iṣẹ́ yẹn ní ìsàlẹ̀, ó ní òkè. Ìsàlẹ̀ ni àwa wà. Ooru ni, omi ẹja ni, òórùn tí kì í kúrò lára bó o fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Aṣọ búlúù ni tiwa. Òkè ni bírò wà. Aṣọ funfun ni tiwọn, bàtà wọn sì máa ń ró kó, kó, kó, lórí àtẹ̀gùn. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n ń jẹun nínú yàrá tó ní fáànù. Àwa ń jẹ tiwa lórí àpótí ẹja lẹ́yìn ilé. Ẹ rò pé iṣẹ́ ló pín wa? Rárá o. Ẹnu ni! Ẹni tó bá ń sọ Faransé ilé ìwé, òkè ló ń lọ. Ẹni tó bá ń sọ Faransé Mùsá, Faransé ọjà tí a fi etí kó jọ bí ẹni ń ṣa igi ìdáná, ìsàlẹ̀ ni yóò gbó sí. Ìwọ ìbáà mọ iṣẹ́ bí idán.

Mo sì mọ iṣẹ́. Kì í ṣe ìgbéraga, ẹ gbọ́. Tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe ẹja yẹn, ẹja òkun tó wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọ́n á sè é, wọ́n á kó o wá sórí tábìlì gígùn, àwa á bó awọ, a ó yọ egungun, a ó ya ẹran rẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó wọ agolo. Mo lè di ojú, kí n fi àtàǹpàkò mọ èyí tó sè jù. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ẹ̀yà Baulé, òun ni ṣẹ́fù wa, olórí àwọn tó ń bó ẹja, òun ló kọ́ mi. Nígbà tí mo ti lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀, ìyá yẹn fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó fà mí lọ́wọ́ gòkè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ó ní, "Ẹ fi èyí sí ipò mi. Kò sí ẹlòmíràn."

Ọ̀gá àgbà, òyìnbó onírùngbọ̀n ni. Ó wò mí. Ó bi mí pé bí ẹja bá dé tó pọ̀ ju ọwọ́ lọ, kí ni màá ṣe? Mo mọ ìdáhùn! Mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó bi mí. Mo ní, "Músíọ̀, mùá pàtàjé fíì-là, mẹtẹ́ dé kòté." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé màá pín àwọn ọmọbìnrin sí ọ̀nà méjì. Ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó pe àwọn tó wà ní yàrá kejì, ó ní kí n tún un sọ. Mo sì tún un sọ… ẹ gbọ́ o! Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi dùn mọ́ ọn ni. Ìgbà tí mo rí ojú ìyá Baulé yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ta ni wọ́n wá fi ṣe ṣẹ́fù? Màdáàmù Fẹlisité. Ọmọ Kétu ni, ní Bẹ̀nẹ̀, onígbàgbọ́. Bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé fún àwọn òyìnbó nígbà tí ìjọba ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Faransé rẹ̀ ń dán bí abọ́ tuntun. Ó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin jù mí lọ. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹja rí láyé rẹ̀! Bírò ni wọ́n ti mú un wá. Kò sì sọ Yorùbá sí wa rí. Èmi mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ó fẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn, ó ké, "Yéè, ìyá mi o!" Ó yára wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Yàrá yìnyín ti dákú láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n gbé ẹja náà jáde, wọ́n sè é, wọ́n kó o wá síwájú wa. Mo bó awọ àkọ́kọ́. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára ẹran rẹ̀, bí afárá oyin. Mo bó ìkejì. Bákan náà. Mo fi ìwọ̀nba díẹ̀ kan ahọ́n, ó ta mí bí ata. Ha! Ìyá Baulé ti sọ fún mi: ẹja tó bá ta ẹnu báyìí, bó o sè é di ọ̀la, májèlé inú rẹ̀ kò ní kúrò. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọbìnrin kan láàárín wa jẹ irú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, ara rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, díẹ̀ ló kù kí èémí bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Àwọn yòókù wò mí, wọ́n gbé tiwọn náà sílẹ̀.

Fẹlisité dé, kó, kó, kó. Ó fi Faransé bi wá pé kí ló dé. Ó ní ẹrù yìí gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́la. Mi ò mú ọ̀bẹ mi. Wọ́n pe ọ̀gá àgbà. Mo gbé ẹja náà sókè. Mo ní, "Músíọ̀, pwasọ́n-là pa bọ́n. Lùí piké." Mo ń sọ pé ó ń ta. Ọkùnrin yẹn yíjú sí àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹja tí a ti sè ṣì ń ta á bí agbọ́n!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ọ̀bẹ mi, tàbí kí n máa lọ ilé.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní òtítọ́ lọ́wọ́, mi ò ní ẹnu tí màá fi sọ ọ́. Ẹ rò ó wò… Àgbàlagbà obìnrin, abiyamọ, tó mọ ohun tó ń sọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá dà bíi ti ọmọ ọdún méjì létí wọn! Mo yíjú sí Fẹlisité. Mo fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, lójú gbogbo ayé.

Mo ní, "Màdáàmù, mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ mi. Ọmọ Kétu ni yín. Ẹ bá mi sọ fún ọkùnrin yìí. Ẹja yìí ti bàjẹ́ kí wọ́n tó sè é. Ihò tó wà lára rẹ̀, kì í ṣe iná ló dá a. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jẹ ẹ́, Ọlọ́run á sì bi èmi, á bi ẹ̀yin náà. Tí ẹ ò bá fẹ́ sọ ọ́, ó dáa, ẹ jẹ ẹ́ lójú mi."

Mo na ẹja náà sí i.

Ojú Fẹlisité pọ́n. Mo rò pé yóò gbá ọwọ́ mi dànù. Ó mú ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹja yẹn, ó fi kan ahọ́n. Ó tu ú sílẹ̀. Ó wá kọjú sí ọ̀gá àgbà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Faransé rẹ̀ ń jáde bí omi. Mi ò gbọ́ tán, ṣùgbọ́n mo ń wo ojú ọkùnrin yẹn. Ẹ̀rín kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń yẹ ẹja wò kó lára rẹ̀ lọ. Ní Ọjọ́rú, ìròyìn dé pé bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí i.

Ọ̀gá àgbà pe gbogbo wa jọ. Ó bọ Fẹlisité lọ́wọ́! Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ojú rẹ̀ mú. Mo dúró sẹ́yìn, mo ní, ẹ ò rí ayé bí? Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe èmi. Sìkírátù ló rí i. Ẹnu nìkan ni mo yá a. Òun ló yẹ kó ṣe ṣẹ́fù." Ọ̀gá ní, báwo ni yóò ṣe máa kọ ìròyìn iṣẹ́? Fẹlisité ní, "Èmi á máa kọ ọ́, títí òun fúnra rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n kọ." Ọ̀gá kò gbà láti fún mi ní ipò lọ́jọ́ yẹn. Ó ní tí mo bá yege nínú ìdánwò àpèkọ, a ó rí i.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nìyẹn, lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́sàn-án, Fẹlisité á fi yàrá onífáànù sílẹ̀, á wá jókòó tì mí lórí àpótí ẹja, á máa fi ẹfun kọ̀wé sórí pákó. Ẹ wo Faransé! Wọ́n ní tábìlì, obìnrin ni, ọ̀bẹ, ọkùnrin ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló gbé wọn yẹ̀ wò?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo bi í. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi ń fi Yorùbá pamọ́ fún wa? Ṣé ẹ̀ ń tijú wa ni?"

Ó gbé ẹfun sílẹ̀. Ó wá ní, "Sìkírátù, ọdún tí mo dé Abidjan, mo wá sí ìpàdé àwọn obìnrin yín ní Treichville. Mo dìde, mo kí wọn. Yorùbá Kétu tí ìyá mi àgbà kọ́ mi ni mo fi kí wọn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ń sín mi jẹ. Wọ́n ní èyí kì í ṣe Yorùbá gidi. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú. Àwọn aláìmọ̀kan ni."

Ó wò mí. Ó ní, "Ìwọ lẹni tó ń sín mi jẹ lọ́jọ́ náà."

Ẹ̀yin ọmọ mi… mi ò rántí ọjọ́ yẹn rárá! Ẹni tó ṣe é gbàgbé, ẹni tí wọ́n ṣe é sí ò gbàgbé. Èmi tí ẹ̀rín ọ̀gá àgbà ń jó lára bí iná, èmi náà ti fi irú ẹ̀rín yẹn lé ẹlòmíràn jáde nílé ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn. Ó ní, "Dìde jàre, omi ẹja á ba aṣọ rẹ jẹ́." Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo mú un lọ sí ìpàdé wa. Mo dúró, mo sọ ohun tí mo ṣe lójú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Mo ṣe ìdánwò náà, mo ṣi ọ̀rọ̀ méje kọ, mo sì yege. Ṣẹ́fù ni mí fún ọdún mẹ́rìnlá, títí ilé iṣẹ́ fi kógbá sílé. Fẹlisité padà sí Kétu nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ló kú sí. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìbòrí mi.

Lónìí ńkọ́? Ẹ rò pé ó ti tán? Mo ń wò yín. Ẹ̀ ń sọ Núṣì, Faransé àwọn ọmọ ìgboro, lójú títì, ẹ dé Plateau níbi tí bírò pọ̀ sí, ẹ pa ohùn dà bí ẹni pààrọ̀ bàtà. Mi ò bá yín wí. Ẹ kọ́ Faransé wọn, ẹ kọ́ ọ dójú àmì. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè bírò, inú bírò ni wọ́n á ti tà á lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dókè, tí ẹnì kan bá ti ìsàlẹ̀ wá, tó mú òtítọ́ lọ́wọ́, tí ẹnu rẹ̀ wọ́… ẹ gbọ́ òtítọ́ yẹn ná. Ẹnu lè wọ́, kí ọgbọ́n tọ́.

Àṣìṣe tèmi kù, màá sọ ọ́. Nígbà tí mo ń tọ́ àwọn bàbá àti ìyá yín, ẹ̀rù bà mí. Mo ní wọn ò ní fi àwọn ọmọ tèmi ṣe yẹ̀yẹ́ láé. Mo dá Yorùbá dúró nínú ilé. Faransé nìkan, láti orí ẹní. Wọ́n ṣe dáadáa, ẹ̀yin náà ń ṣe dáadáa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo sọ láti àárọ̀ yìí, ẹ gbọ́ ọ, orí lẹ̀ ń mì. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó fi Yorùbá dá mi lóhùn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀ ń bẹ̀rù pé màá rẹ́rìn-ín.

Ó yá, Mínátù, pa nǹkan yẹn. Bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá wọ́, kó wọ́.