Aṣọ Tí Ìyá Yín Fi Bo Ẹ̀rọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ó ku tèmi. Ọ̀rọ̀ ilé tí ẹ ń gbé ni, mi ò sì fẹ́ gbé e lọ sọ́run.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn eruku tó ń fò wá láti ibi ìwakùsà. Orí òrùlé yín ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí fún ọjọ́ méje. Á máa fa afẹ́fẹ́ gba inú bébà funfun kan, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, èmi á sì wọ̀n ọ́n. Àárọ̀ àdúgbò yín nígbà náà máa ń dà bí àlá. Oòrùn á rọra yọ nínú eruku, èèyàn á máa bọ̀, o ò ní rí ojú ẹ̀ títí tó fi máa kí ọ. Mo ṣì ń rí i tí mo bá dijú. Ó máa ń wù mí, òmùgọ̀ èmi.

Lọ́jọ́ kan tí mo padà wá gbé ẹ̀rọ, abẹ́ aṣọ funfun kan tí eruku ti bò ni mo ti bá a. Ìyá yín ń rẹ́rìn-ín.

"Awọneruku, láti ọjọ́ tí o ti gbé e síbí ni mo ti bá ọ bò ó o! Nǹkan olówó ńlá, kí eruku má bà á jẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Aṣọ yẹn ò jẹ́ kí eruku dé orí bébà; ó yẹ kí n jù ú nù, kí n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi rí i, ó ní, "Èyí mà mọ́ o! Irú ẹ̀ gan-an la fẹ́." Orí mi wú. Mo kọ nọ́ńbà eruku tí mo wọ̀n lórí ẹ̀ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí mo tún gbé ẹ̀rọ lọ, èmi fúnra mi ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bò ó bíi ti ìjelòó." Wọ́n tiẹ̀ tún aṣọ náà fọ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Àbúrò mi, ikọ́ tó ń ṣe mí yìí ò lọ. Ṣé kí n kó àwọn ọmọ kúrò níbí?"

Mo fi bébà náà lé wọn lọ́wọ́. "Ẹ wò ó fúnra yín. Ṣé ẹ rí eruku?"

Wọ́n ní, "Ọpẹ́ o." Wọn ò kó mọ́. Ikọ́ yẹn ló pa ìyá yín. Kí ni mò ń sọ? Èmi ni mo pa wọ́n.

Nọ́ńbà yẹn náà ni àwọn ọ̀gá ibi ìwakùsà fi ń tàn yín dòní pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́, tí ẹ fi ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí ẹ forí jì mí, àmọ́ kì í ṣe lónìí. Ẹ lọ kó ẹrù yín ná. Ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn, mo ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.