Kókó Tí Mo Tú Nínú Ẹyin

Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ẹyin, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tí mo kọ láti òkèèrè. Òtítọ́ tí mo ti ń sùn lé lórí láti ìgbà ọ̀dọ́ ti ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọlẹ̀. Olówùú kò purọ́. Èmi ni òpùrọ́.

Ẹ rántí Olówùú, àbúrò wa obìnrin tó ń fi òwú tó tín ju irun orí lọ ta kókó sí iṣan ẹ̀jẹ̀ òròmọdìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin. A ó gé fèrèsé kékeré sára èèpo ẹyin, a ó tan iná sí i, gbogbo inú ẹ̀ á sì pọ́n bí àtùpà tí wọ́n gbé sẹ́yìn aṣọ. Mo ṣì ń lá àlá pupa yẹn.

Èmi ti sọ nígbà náà pé àkúnlẹ̀yàn ni: sẹ́ẹ̀lì tó máa di iṣan àlọ, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, ti mọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó kàn án, èyí tó máa di iṣan àbọ̀, tó ń gbé e padà, ti mọ tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi lórúkọ. Olówùú ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé bí òun bá ta kókó sí iṣan àlọ tí ẹ̀jẹ̀ ò gba ibẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á yíwà padà, wọ́n á di ti àbọ̀. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ò gbọ́ orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọmọ ẹ̀ o."

Ọ̀gá wa ní yàrá náà ní kó wá fi hàn wá. Lọ́jọ́ ìsinmi tó ṣáájú, mo wọlé bí ẹni tó ń rìn lójú oorun. Mo fi aró búlúù tí iṣan àlọ nìkan ń gbà dán ọ̀kan nínú àwọn ẹyin tó ti ta kókó sí wò. Ibi tí kókó wà kò gbà á. Òótọ́ ló ń sọ. Ó yẹ kí n tilẹ̀kùn kí n máa lọ, èmi aláìnítìjú. Mo mú ẹ̀mú, mo tú àwọn kókó tó kù, mo jẹ́ kí òwú wọn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bíi pé wọ́n yọ̀ fúnra wọn. Ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Nígbà tí Ọ̀gá wá fi aró sí wọn lójú yín, ọ̀tún tó ta kókó sí di búlúù, òsì tí kò fọwọ́ kàn náà di búlúù. Ẹ rò pé irọ́ Olówùú lẹ ń wò. Èmi nìkan ló mọ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti di àbọ̀ ló tún padà di àlọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹ̀rí rẹ̀ di méjì lójú mi, mo sì gbé e mì.

Olówùú tẹjú mọ́ òwú náà, ó ní ẹnì kan ti tú u. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kókó. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀." Èyí tí mo ṣe lẹ́yìn náà burú ju títú lọ: mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kókó kì í tú ara ẹ̀, àfi bí ẹni tó ta á ò bá mọ̀ ọ́n ta." Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Lọ́dún yìí, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dí lọ́kàn mi. Wọ́n yọ iṣan àbọ̀ kan lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n rán an mọ́ ọkàn kó máa ṣe iṣẹ́ àlọ. Oògùn ṣì ń gbé mi léfòó bí ìyẹ́ nígbà tí dókítà kan tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi ní kí n má fòyà: "Bàbá, bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń fagbára gba inú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ láá máa nípọn, láá máa jọ iṣan àlọ." Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ìrora ni.

Ọmọ mi bá mi wá Olówùú rí lórí fóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹni tó rán iṣan yín, ṣé ó mọ kókó ta?" Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní àwọn tó rẹ́rìn-ín ni kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún, kí òun tó mọ ohun tí òun máa fi ẹ̀bẹ̀ mi ṣe.

Mo ti wá sọ fún yín. Ẹ wá a lọ, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ara yín. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń wo ẹyin báyìí, bí àbúrò yín bá rí ohun tó tako tiyín, ẹ má fọwọ́ kan òwú rẹ̀. Ohun tí mo pè ní irọ́ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ èyí.