Orúkọ Òkú Ni Mo Fi Ń Ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń fi orúkọ òkú ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọmọ bàbá mi ni òkú náà. Ọkọ mi kú láìmọ̀, ó rò pé orúkọ mi kejì ni. Àwọn ọmọ mi náà ò mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ìyá òkú náà bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n sì ń retí èsì rẹ̀. 

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tán ná, lẹ́yìn náà ẹ lè wá bú mi bó ṣe wù yín.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyàwó kejì bàbá mi ló sì tọ́ mi. Ìyá Kékeré ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ọmọ kan ṣoṣo ni àwọn fúnra wọn bí, mo sì máa pè é ní Rábíátù níbí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti kọ orúkọ yẹn, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Abọ́ kan náà la jọ ń jẹun, Ìyá Kékeré ò yà wá sọ́tọ̀ rí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n Rábíátù ló mọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo fìdí rẹmi.

Rábíátù ṣe tirẹ̀ tán, ibà kọlù ú, ó kú kí èsì tó jáde. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, Ìyá Kékeré ní kí n lọ bá àwọn gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nílé ìwé, àwọn fẹ́ máa wò ó. Mo lọ, mo gbà á. Ó yege nínú gbogbo rẹ̀. Mo délé, mo ní wọn ò rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ọkùnrin ló kún gbogbo ọ́fíìsì. Obìnrin á dáko, á po òrí, á kiri ọjà láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n á tún ní kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n wá kéde pé àwọn ń gba obìnrin sí ọ́fíìsì kan ní Ìsẹ́yìn, inú mi dùn títí mo fi gbọ́ ìyókù. Wọn ò fẹ́ obìnrin tó bá ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n gba ọkùnrin tó dàgbà jù mí lọ o, ṣùgbọ́n obìnrin, wọ́n ní tó bá ti dàgbà, ọmọ bíbí lásán ni yóò máa fi gba ìsinmi. Èmi ti lé, mi ò sì ní ìwé ẹ̀rí. Mo mú ti Rábíátù lọ. Orúkọ bàbá wa ò yàtọ̀, ojú wa sì jọra. Wọ́n gbà mí. Mo sọ nílé ní Ṣakí pé aṣọ ni mo ń tà ní Ìsẹ́yìn.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, bóyá mi ò bá má yọ yín lẹ́nu.

Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan láti àdúgbò wa ní Ṣakí wá gba ìwé ní ọ́fíìsì wa. Mi ò rí i. Ó gbọ́ tí ọ̀gá mi ké pe Rábíátù, pẹ̀lú orúkọ bàbá wa, ó sì rí ẹ̀yìn mi bí mo ṣe ń wọ yàrá lọ. Wọ́n ní ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló kù sẹ́nu ọ̀nà. Ó dé Ṣakí, ó ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé òun rí Rábíátù ní Ìsẹ́yìn.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Ẹni tó bá kú tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé, a máa lọ gbé ìlú mìíràn, á máa ṣiṣẹ́, á máa jẹ, á máa mu. Àkúdàáyà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí bá yọ sí i pẹ́nrẹ́n, ó di àwátì. Áfáà àdúgbò wa ní kò sí irú ẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Ìyá Kékeré dúpẹ́ lọ́wọ́ Áfáà, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

“Àdùkẹ́, ìwọ tó ń gbé Ìsẹ́yìn, ṣé o rí àbúrò rẹ?”

Ibí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á wá, àṣírí á tú, iṣẹ́ á bọ́. Mo wo ojú obìnrin tó wẹ̀ mí, tó dirun fún mi, mo ní, “Mo rí i. Ara rẹ̀ le. Ẹ má wá o, Ìyá. Tó bá rí yín, ó máa lọ.”

Wọn ò wá. Títí dòní, Ìyá Kékeré ò tẹ Ìsẹ́yìn. Tí wọ́n bá ń lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á gba ọ̀nà Ìgbòho yípo lọ jìnnà, kí wọ́n má baà kọjá níwájú ọmọ wọn kó sì sá. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí wọra.

Wọ́n wá ń fi nǹkan rán mi sí i: èlùbọ́, irú, wàrà díndín tí Rábíátù fẹ́ràn. Wọ́n ní kí n gbé e síbi tó ti máa rí i. Èmi àtàwọn ọmọ mi la ń jẹ ẹ́. Ó dùn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rí ọkàn mú mi, mo gbé abọ́ wàrà kan sẹ́yìn ọ́fíìsì kí n tó relé. Lọ́jọ́ kejì, mo bá abọ́ náà ní fífọ̀. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì gbé ṣíbí lé e nídìí, bí Ìyá Kékeré ṣe kọ́ àwa méjèèjì. Mo ní mẹ́gáàdì ni. Mo bi í, ó ní inú òun kì í gba wàrà.

Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Mẹ́gáàdì yìí kan náà ń wò mí tìyanutìyanu, ó ń béèrè ibi tí mo gbà jáde, ó ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tán. Mo wọlé, kò sẹ́nì kankan. Mo fọwọ́ kan àga mi. Ó gbóná. Ìdúró ni mo fi ṣe gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ọdún ń lọ. Obìnrin ti pọ̀ ju ọkùnrin lọ ní ọ́fíìsì wa báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ló wá di ẹni tí kò ríṣẹ́. Àbíkẹ́yìn mi jáde yunifásítì, kajú ló ń bá wọn ṣà lóko. Ká ní ọjọ́ orí mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́, mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, àga yẹn ì bá sì ti kan ọmọ ẹlòmíràn. Ọjọ́ orí Rábíátù ni kò tíì pé. Tí mo bá ní orúnkún ń dùn mí, àwọn ọmọdé ibẹ̀ á ní mi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀wé láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì fà á ya. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá dìde, ẹlòmíràn máa jókòó síbẹ̀, orúkọ kan náà ni yóò sì máa jẹ́.

Ní ọyẹ́ yìí, wọ́n pè mí pé Ìyá Kékeré ò jẹun mọ́. Ojú wọn ti fọ́. Mo lọ sí Ṣakí. Ní ọ̀sán gangan, mo jókòó tì wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa méjì péré. Wọ́n sùn lọ. Lójú oorun ni wọ́n pe Rábíátù.

Kí n tó mọ̀, mo ti jẹ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Orúkọ tí mo ti ń jẹ́ lójoojúmọ́ ni. Wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní ká gbé ẹ̀kọ wá, wọ́n mu ún tán, wọ́n sì sọ fún gbogbo ilé pé ọmọ àwọn wá kí àwọn. Ilé dúpẹ́. Èmi gbé abọ́ ẹ̀kọ náà lọ fọ̀.

Mo tún lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Mo ń fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n rọra sọ pé, “Àdùkẹ́, mo mọ̀ pé ìwọ lo dáhùn lọ́jọ́sí. Èmi ni mo tọ́ ọ, ṣé mi ò ní mọ ohùn rẹ ni?”

Mo bú sẹ́kún. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kí n má sunkún, àwọn ò bínú sí mi, ohun kan ṣoṣo làwọn fẹ́ mọ̀.

“Ẹni tí ẹ jọ dáhùn ńkọ́? Kí ló dé tí kò wọlé?”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kò sí ẹlòmíràn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ojú mi ló ṣe. Tí mo bá jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ń jẹ́ Rábíátù ní Ìsẹ́yìn, ọmọ wọn ni mo pa lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì lè bá a lọ. Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n ti ní kí wọ́n din wàrà sílẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí àwa méjèèjì jọ wá.