Ibi tí Ìka Ọmọ Náà ti Ṣì

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Òkìtìpupa lọ sí Òde-Ìrèlè, bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí kíkọ́ ọmọ ní dùùrù gbé kíbọ́ọ̀dù kan lé itan, ìyá kan sì jókòó tì í, èmi wà lẹ́yìn wọn.

"Tíṣà, dùùrù tí ẹ fi kọ́ ọmọ mi dà?"

"Ikán ti jẹ ẹ́, Ìyá. Iná lèyí ń lò. Ohun tí èèyàn bá tẹ̀, ó ń gbà á sínú díìsìkì. Orin ìkórè tí ọmọ yín tẹ̀ lórí rẹ̀ kó tó lọ sókè òkun ṣì wà níbẹ̀."

"Háà! Lẹ́tà rẹ̀ kò dé mọ́ láti ọdún mẹ́ta."

"Màá gbà á sí kásẹ́ẹ̀tì fún yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ibi tí ìka rẹ̀ ti ṣì ṣe."

"Ẹ má tún un ṣe o! Tó bá ti ṣì báyẹn, ó máa ń pòṣé. Ṣé ẹ̀rọ yín gba òṣé náà?"

"Rárá, ohun tí ìka bá tẹ̀ nìkan ló ń gbà."

N kò mọ̀ bóyá tíṣà gbà sí i lẹ́nu. Èsì ìyá náà ni mo ṣì ń gbọ́:

"Ẹ fi ìka náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí orin bá ti dé ibẹ̀, èmi á bá a pòṣé."