Ohùn Hibatullah Tí Wọ́n Pààrọ̀

"Ẹ dáwọ́ àtẹ́wọ́ yẹn dúró ná. Ẹ má tíì yìn mí, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe."

Bí Ìyìnlọ́lá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn níwájú àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ní àdúgbò Mamba Point, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó wá gba àmì ẹ̀yẹ. Ó ti sunkún tirẹ̀ tán nílé. Òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn ń bá ọ̀nà tirẹ̀ rìn bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un ṣe fún rédíò. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ìdí nìyẹn tí kò fi ní àwáwí.

"Ẹ mọ Hibatullah, ọmọ Alhaja Suwebat tó ń ta aṣọ ní Jallah Town. Bí jẹnẹrétọ̀ bá fẹ́ kú, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ó lọ sétí odò ní Caldwell, ó gba ohùn omi àti ti àwọn apẹja, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn wọn. Ó dùn! Àmọ́ ó máa ń sọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, á tún dákẹ́ pẹ́ kó tó bọ́ sí òmíràn. Enoch tó ń bójú tó ètò wa ní rédíò sọ fún mi pé, 'Teacher, da one too slow-o. Da people will turn it off.' Ojú tì mí. Ojú ta ni mo ń wò, ẹ jọ̀ọ́? Mo pe Dorothy, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ka ọ̀rọ̀ náà wàrà-wàrà. Mo yọ ohùn Hibatullah, mo fi ti Dorothy rọ́pò rẹ̀."

Alhaja Suwebat dìde fùú. Ó ti kó àwọn ará mọ́ṣáláṣí jọ kí wọ́n wá gbọ́ ọmọ òun lórí rédíò; nígbà tí ohùn náà yàtọ̀, ó ní rédíò ló máa ń yí ohùn padà bẹ́ẹ̀. Ó tún gbé ìrẹsì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà. Ìyìnlọ́lá jẹ ẹ́ tán, kò há a lọ́fun.

"Ẹ jókòó, Alhaja, èyí tó burú jù kò tíì dé. Hibatullah gbọ́ ètò náà, ó wá bá mi, ó ní, 'Àǹtí, èmi kọ́ nìyẹn.' Ọmọ tí mo kọ́ pé kó gba etí rẹ̀ gbọ́! Mo ní, 'Ìwọ ni. Etí ẹ ló ń tàn ẹ́.' Láti ìgbà yẹn, bó bá gbọ́ òjò, á bi ìyá rẹ̀ bóyá òjò ni. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mọ́."

"Haba, Tíṣà!" ni Alhaja ké. "Mo sì ń bá a jà pé ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù!"

Àgbà kì í kúnlẹ̀ fọ́mọdé, ṣùgbọ́n Ìyìnlọ́lá kúnlẹ̀.

"Hibatullah, etí ẹ ò purọ́. Èmi ni mo purọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yòókù, bí tíṣà bá ní ohun tí ẹ gbọ́ kọ́ lẹ gbọ́, ẹ má gbà fún un."

Hibatullah kò wò ó lójú. Kì í wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Ohùn tèmi dà?"

"Mo ti pa á rẹ́."

Ọmọ náà kò sọ pé òun dárí jì í. Ó kàn na ọwọ́, ó gba maikirofóònù lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀.

"Ẹ gbé mi padà sí Caldwell, Àǹtí. Màá tún un gbà. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án," ni Ìyìnlọ́lá wí, lórí ìkúnlẹ̀.